Mannitol, omi iyọ̀, dexamethasone, acetazolamide: èwo ló bá irú ìfúnpọ̀ inú agbárí wo mu?

Ó ti lé ní aago méjì òru nígbà tí ọkùnrin kan gbé ìgò mannitol padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Méjì ló rà lọ́wọ́ mi ní wákàtí kan ṣáájú, fún àbúrò rẹ̀ tí ọ̀kadà gbé ṣubú tó fi orí gbálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo nǹkan tí ẹ tà fún mi. Ó ti bàjẹ́, nǹkan ti ń dì nínú rẹ̀ bí iyọ̀."

Mo ní, "Kò bàjẹ́ o, sà. Òtútù ló mú un."

Bí mannitol bá wà níbi tó tutù, bóyá nítorí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, ó máa ń dì ní wóró-wóró. Mo gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, mo ń mì í títí gbogbo wóró inú rẹ̀ fi yọ́ tán, mo jẹ́ kó tutù padà dé ìwọ̀n ara, mo sì fún un ní okùn dírípù tó ní asẹ́ nínú, kí wóró kankan má baà bá omi náà wọ iṣan. Bó ṣe ń jáde lọ ló yíjú padà: "Ṣé kò sí èyí tó lágbára ju èyí lọ ni, mà?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹbí aláìsàn máa ń bi mí, òun náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Oògùn tó gbé ẹnì kan dìde láàárín ọjọ́ méjì lè pa ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbárí àwọn méjèèjì ló kún. Ohun tó kún un ni kò dọ́gba. Mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa tọ́jú èèyàn nílé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn oògùn yìí tó jẹ́ oògùn àdálò. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n fún ní ìwé oògùn lóru, tó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ èyí, tí wọn ò kọ tọ̀hún.

Ilé tí kò lè fẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ èèyàn lápá kò lè fi ìfúnpọ̀ inú agbárí hàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru rárá sì lè ní in. Agbárí àgbàlagbà dà bí ilé tí ayálégbé mẹ́ta ń gbé. Ọpọlọ gba nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ gba ìdá kan, omi tó yí ọpọlọ ká gba ìdá kan tó kù. Ògiri ilé náà kì í sún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sanra, àfi kí òmíràn fún un láyè. Bí àyè bá tán, ìfúnpọ̀ dé nìyẹn. Alexander Monro sọ ọ́ ní Scotland ní ọdún 1783, George Kellie tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà tún tẹnu mọ́ ọn ní 1824, orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn dókítà ṣì fi ń pe òfin náà dòní. Ọmọ ọwọ́ nìkan ló bọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí àwùjẹ̀ tirẹ̀ kò tíì le, ó lè wú sókè. Àwọn ìyá wa tó máa ń fọwọ́ wo àwùjẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lára àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀, ìfúnpọ̀ yìí sábà máa ń wà láàárín 7 sí 15 lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì, òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ẹni tó fara pa gidigidi lórí, ìlànà ọdún 2016 tí Brain Trauma Foundation, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú orí tó fara pa kalẹ̀, gbé jáde ní kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ bó bá ti kọjá 22. Níbi tí wọ́n bá ti gba ẹ̀yìn fi abẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n, gíga omi nínú rọ́bà ni wọ́n ń kà ní sẹ̀ǹtímítà. 25 sókè ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà.

Oògùn kọ̀ọ̀kan, ayálégbé kan ló ń bá jà. Mannitol àti omi iyọ̀ ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Dexamethasone ń dí ibi tí omi ti ń jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Acetazolamide ń dín omi tó yí ọpọlọ ká kù láti orísun rẹ̀. Propofol àti thiopental ń mú ọpọlọ sùn kí ẹ̀jẹ̀ tó ń béèrè fún lè dín kù. Ẹni tó bá lo oògùn omi fún wàhálà ẹ̀jẹ̀ ń lé ayálégbé tí kò jẹ gbèsè.

Mannitol àti omi iyọ̀

Ẹni tó bá ti da iyọ̀ sí ìgbín lára rí ti mọ iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe. Níbi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni omi ń sáré lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ki ju inú ọpọlọ lọ, omi á kúrò nínú ọpọlọ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì sún kì.

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1919, Lewis Weed àti Paul McKibben ní Amẹ́ríkà rí i pé bí wọ́n bá fa omi iyọ̀ líle sínú ẹ̀jẹ̀ ológbò, ọpọlọ rẹ̀ ń sún kì. Nígbà tó yá, àwọn dókítà fi yúríà dípò rẹ̀, mannitol sì gba ipò lọ́wọ́ yúríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìran ṣúgà ni mannitol, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ara bí oúnjẹ bí wọ́n bá fà á sínú iṣan. Oje igi kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní mánà ló fún un lórúkọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń fa omi ọpọlọ, kíndìnrín á wá tọ òun àti omi tó fà dànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki rọ́bà ìtọ̀ bọ aláìsàn tó ń gbà á, tí àpò ìtọ̀ fi ń kún kíákíá. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ẹ̀rù máa ń bà nígbà tí wọ́n bá rí i. Ìgbà tí ìtọ̀ kò bá jáde ló yẹ kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Omi iyọ̀ lásán tí a mọ̀ nínú dírípù, 0.9% ni. Èyí tí mo ń sọ níbí yìí jẹ́ 3%, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Òmíràn tún wà tó jẹ́ 23.4%, mílílítà 30 péré ni wọ́n ń fún èèyàn nínú rẹ̀, iṣan ńlá tó sún mọ́ ọkàn ni wọ́n sì ń gbà fún un, torí ó lè jó iṣan ọwọ́.

| | Mannitol 20% | Omi iyọ̀ 3% |
|---|---|---|
| Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ | Gíráàmù 0.25 sí 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara | Nǹkan bíi mílílítà 250 lẹ́ẹ̀kan |
| Ohun tó ń ṣe sí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ | Ó lè jẹ́ kó já wálẹ̀ lẹ́yìn ìtọ̀ púpọ̀ | Ó ń gbé e ró |
| Ẹni tó yẹ kí a ṣọ́ra fún | Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ lára rẹ̀ | Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ẹni tí iyọ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tipẹ́ |
| Ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń ṣọ́ | Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Wọn kì í fẹ́ kó kọjá 320 | Sódíọ̀mù. Wọn kì í fẹ́ kó kọjá 155 sí 160 |
| Wàhálà ìpamọ́ | Ó ń dì bí ibẹ̀ bá tutù | Kì í dì |

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, torí owó wà nínú rẹ̀. Ìgò mannitol 20% tó jẹ́ mílílítà 500 ní gíráàmù 100 nínú. Ọkùnrin tó wọn kílò 70, bí wọ́n bá fún un ní ìwọ̀n tó ga jù, gíráàmù 70 ni, ìyẹn mílílítà 350. Bí wọ́n bá fún un ní èyí tó kéré jù, kò pé mílílítà 90. Torí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ ra ìgò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà fún òru kan, ẹ lè fi sùúrù béèrè iye tí wọ́n fẹ́ lò. Bí ìgò tí wọn kò tíì ṣí bá kù, ẹ má gbé e sínú fìríìjì.

Èwo ni mo máa mú? Bí ẹni náà bá fara pa nínú ìjàǹbá, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ omi iyọ̀ ni ọkàn mi ń lọ láìṣiyèméjì. Ọpọlọ tó ti fara pa kì í fara da kí ìfúnpá òkè bọ́ sábẹ́ 90. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, mannitol sì lè fi ìtọ̀ gbé ìyókù lọ. Bí ìfúnpá bá dúró dáadáa, tí kíndìnrín sì ń ṣiṣẹ́, mannitol tó wà nítòsí sàn ju omi iyọ̀ tí a ṣì ń wá kiri. Ní tèmi o, mannitol ni mo sábà máa ń ní lórí pẹpẹ. Omi iyọ̀ 3%, àfi kí n ránṣẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ níbòmíì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè po ó nílé.

Bí ẹ bá gbọ́ tí dókítà méjì ń jiyàn lórí àwọn méjèèjì, ẹ má rò pé ọ̀kan nínú wọn kò mọṣẹ́. Ìlànà ọdún 2016 tí mo dárúkọ lókè sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Kò sì sí èyí tó ń wo ohun tó fa ìfúnpọ̀ náà sàn nínú àwọn méjèèjì. Wákàtí mélòó kan ni wọ́n ń fi dá ìfúnpọ̀ dúró, kí síkáànù tó jáde, kí oníṣẹ́ abẹ tó dé. Bí wọ́n bá ń fún èèyàn ní mannitol lemọ́lemọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ á máa rá wọ inú ọpọlọ, á sì wá fa omi padà síbi tó ti fà á jáde.

Dexamethasone: ọ̀rẹ́ kókó, ọ̀tá ìjàǹbá

Kò sí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí a kì í ti í rí dexamethasone. Owó pọ́ọ́kú ni, àwọn kan tilẹ̀ ń gbé e mì kí wọ́n lè sanra. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ̀ láti fún ẹni tó fi orí gbá kọ̀ǹkéré ní dexamethasone, ẹbí á rò pé ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni. Ìmẹ́lẹ́ kọ́.

Ibi tí oògùn yìí ti jẹ́ ọba ni kókó inú ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí kókó ká máa ń jò bí páìpù tó ti gbó, omi á wá rin ọpọlọ tó wà nítòsí títí yóò fi wú ju kókó gan-an lọ. Dexamethasone ń dí ibi tó ń jò. Joseph Galicich àti Lyle French ní Yunifásítì Minnesota ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1961, láti ìgbà náà ni kò ti sí oògùn mìíràn tó gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé apá sókè lánàá lè máa fi apá náà jẹun lọ́túnla. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò wà láàárín mílígíráàmù 4 sí 16 lóòjọ́, kí ó má sì yà yín lẹ́nu bí hóró bá pọ̀ lórí ìwé: 16 jẹ́ hóró 32 ti 0.5, irú kékeré tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa. Ṣúgà ara lè gòkè, kódà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Oorun lè dá lójú, inú lè máa ta, ẹsẹ̀ lè má gbé èèyàn dìde mọ́ lórí àga bí ó bá pẹ́. A kì í sì í dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ là ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀.

Ti ìjàǹbá yàtọ̀. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí àwọn dókítà kárí ayé fi ń fún ẹni tó fara pa lórí ní irú oògùn yìí, pẹ̀lú èrò pé wíwú ni wíwú ń jẹ́. Ìgbà tó di ọdún 2004 ni ìwádìí CRASH jáde. Èèyàn 10,008 ló wà nínú rẹ̀, láti ilé ìwòsàn 239 ní orílẹ̀-èdè 49. Wọ́n fún àwọn kan ní methylprednisolone, ọmọ ìyá dexamethasone. Wọ́n fún àwọn tó kù ní omi lásán tí wọ́n dì bí oògùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 21.1% kú nínú àwọn tó gba oògùn, 17.9% kú nínú àwọn tí kò gbà á. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí mẹ́ta ni oògùn tí a ní kó gbà wọ́n là pa. Mo mọ àwọn tó ṣì ń kọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀kadà gbá, mi ò sì ní purọ́, ó máa ń dùn mí bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ mi. Mo máa ń pe ẹni tó kọ ọ́ kí n tó tà á.

Ti àrùn tó wọ ọpọlọ tún ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹni tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ bá gun awọ ọpọlọ rẹ̀ máa ń jàǹfààní dexamethasone bí wọ́n bá fi kún oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra rẹ̀. Ní Vietnam, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 pẹ̀lú èèyàn 545 fi hàn pé ikú dín kù láti 41.3% sí 31.8%. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un ṣe lára àwọn tó ní kòkòrò HIV pẹ̀lú ikọ́ ẹ̀gbẹ ọpọlọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, àǹfààní yẹn kò hàn. Bí ó bá wá jẹ́ pé olú kékeré tí wọ́n ń pè ní cryptococcus ló wọ ọpọlọ, ìyẹn tó sábà máa ń mú ẹni tí HIV ti tán lókun, dexamethasone ń ṣèpalára: ní 2016 wọ́n dá ìwádìí rẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà lẹ́yìn tí èèyàn 451 ti wọlé, torí ó ń pọn àwọn aláìsàn lójú. Fún àwọn wọ̀nyí, abẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú ìfúnpọ̀: wọ́n ń gba ẹ̀yìn fa omi náà jáde, ojoojúmọ́ nígbà mìíràn, títí tí yóò fi rọlẹ̀. Àwọn èèyàn wa a máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n ní ó ń rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ní irú àìsàn yìí, kíkọ̀ ọ́ ló ń fọ́ni lójú, òun ló sì ń pani.

Èyí tó kàn wá jù nílẹ̀ yìí ni ibà tó gun ọpọlọ. Ọmọ á gbóná, gìrì á mú un, kò ní dáhùn mọ́. Ó dà bíi pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí mannitol àti dexamethasone ti wúlò, torí lóòótọ́ ni ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wú. Wọ́n dán méjèèjì wò. Ní Thailand ní 1982, láàárín ọgọ́rùn-ún aláìsàn, àwọn tó gba dexamethasone pẹ́ kí wọ́n tó jí: wákàtí 63 sí 47. Ní Uganda ní 2007, wọ́n fún àwọn ọmọdé ní mannitol, ọmọ 156 ló wà nínú ìwádìí náà; kò ṣe àǹfààní kankan. Ní India ní 2011, àwọn àgbàlagbà tó gbà á tiẹ̀ tún pẹ́ sí i lójú oorun àìsàn náà. Artesunate tí wọ́n ń gún sínú iṣan ni oògùn rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́jú gìrì àti ṣúgà ara tó máa ń já wálẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ò ní fún ọmọ yín ní mannitol, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi oògùn pamọ́.

Acetazolamide àti topiramate: fún ìfúnpọ̀ tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀

Oríṣi kan wà tí síkáànù kì í rí kókó, tí kì í rí ẹ̀jẹ̀ dídì, tí kò sì sí àrùn. IIH ni àwọn dókítà ń pè é ní gígékúrú (idiopathic intracranial hypertension), ìyẹn ìfúnpọ̀ inú agbárí tí a kò mọ ohun tó fà á. Obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, tí ara rẹ̀ sì ti wúwo, ló sábà máa ń mú. Orí á máa fọ́ ọ, etí rẹ̀ á máa hó bí afẹ́fẹ́ tó ń bá ìlù ọkàn rìn, bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó tún dìde, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kì í sábà pani. Ojú ló ń jẹ. Mo ti rí obìnrin tó fi ọdún kan gbáko ra oògùn orí fífọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó lọ rí dókítà ojú, tí ìyẹn sì rí i pé iṣan ìríran rẹ̀ ti wú.

Níbí, mannitol kò wúlò. Kò sí ẹni tó lè máa gba dírípù fún oṣù mẹ́fà. Acetazolamide ló wọ́pọ̀ jù. Nǹkan bíi mílílítà 150 omi ló yí ọpọlọ àti okùn ẹ̀yìn wa ká, ṣùgbọ́n nǹkan bí 500 là ń pèsè lóòjọ́, tí ara ń fà á padà. Acetazolamide ń tẹ orísun yẹn mọ́lẹ̀. Ìwádìí tó ṣe gbòógì lórí rẹ̀ jáde ní 2014, èèyàn 165 ní Amẹ́ríkà Àríwá, 161 nínú wọn obìnrin. Gbogbo wọn ló ń dín ìwọ̀n ara àti iyọ̀ kù. Àwọn tó fi acetazolamide kún un ríran dára sí i ju àwọn tó kù lọ, bí ìyàtọ̀ náà kò tilẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n náà lè gòkè dé gíráàmù 4 lóòjọ́, ìyẹn hóró 16 ti 250, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì lè gbé e dé ibẹ̀. Ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa tani bíi pé èèrà ń rìn lórí wọn, ara á máa rẹni, mínírà onígáàsì á dà bí irin lẹ́nu. Kò léwu, ẹ kàn máa retí rẹ̀ ni. Èyí tó léwu ni òkúta kíndìnrín àti pọtásíọ̀mù tó lọ sílẹ̀. Omi mímu àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún ìyẹn. Ẹni tí oògùn sulfa ti mú ara rẹ̀ sú rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́, aláboyún náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Topiramate, oògùn wárápá ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń bá ìfọ́rí túúlu jà, ó sì ń dín oúnjẹ kù lẹ́nu, ìyẹn ni àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀ fún obìnrin tí ìwọ̀n ara jẹ́ apá kan ìṣòro rẹ̀. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni ọ̀rọ̀: olùkọ́ kan sọ fún mi pé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fò lọ lórí òun. Ó ń ba ọmọ inú jẹ́, bó bá sì pọ̀ lára, ó ń sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe tako ara wọn. Fún ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, acetazolamide ni mo máa fẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rò, kó sì bi í léèrè oyún kó tó kọ ọ́. Fún ẹni tí ìfọ́rí túúlu ń pa ju ojú lọ, tí ìbímọ kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́, topiramate.

Bí ìwọ̀n ara bá dín kù, ìfúnpọ̀ yìí ń rọlẹ̀, hóró oògùn kankan kò tíì lè sọ pé òun ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń dán exenatide wò, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó tún ń dín ìwọ̀n ara kù. Èsì tó jáde ní 2023 fi hàn pé ìfúnpọ̀ náà ń wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ìwọ̀n ara tó yí padà rárá. Àwọn obìnrin tó wà nínú ìwádìí náà kò tó ogún, torí náà ẹ má tíì wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àpò oògùn yín wò kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Tetracycline àti doxycycline tí a ń rà fún ìrorẹ́, fítámì A àlòjù, isotretinoin, gbogbo wọn lè dá irú ìfúnpọ̀ yìí sílẹ̀ fúnra wọn. Dídá wọn dúró ni ìtọ́jú tó kọ́kọ́ yẹ.

Àwọn tó ń mú ọpọlọ sùn

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí kò sí ẹbí kankan tó máa yan èyí. Propofol àti thiopental, ibi tí ẹ̀rọ ti ń bá aláìsàn mí nìkan ni wọ́n ti ń lò wọ́n fún ìfúnpọ̀. Propofol tètè ń wọlé, ó sì tètè ń jáde, ìdí tí wọ́n fi lè jí aláìsàn kí wọ́n wò ó. Bó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́, ó lè ba ọkàn àti iṣan jẹ́. Thiopental pẹ́ lára, ó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀, òun sì ni wọ́n ń kó jáde nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti kùnà. Ketamine, oògùn amúnisùn mìíràn tí wọ́n ti ń sọ fún ọdún púpọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí tó kún, wọ́n ti dá a láre báyìí fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Lẹ́yìn wọn, ó kan oníṣẹ́ abẹ. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Agbárí ṣíṣí wá ń jẹ́ oògùn nígbà mìíràn, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀. Ọdún 1962 ni Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn, iṣẹ́ tuntun kọ́ nílẹ̀ yìí.

Omi tó wà nínú dírípù

"Ẹ fi omi sí i lára" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ẹbí. Irú omi wo? Dírípù ṣúgà 5% dà bí oúnjẹ, àmọ́ ara á jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tán, omi òfìfo ló máa ṣẹ́ kù, inú ọpọlọ tó ti wú ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ̀ lọ. Omi iyọ̀ 0.9% ló yẹ ẹni tó fara pa lórí, àfi bí ṣúgà ara rẹ̀ bá ti já wálẹ̀. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà bí ìwé bá kọ ọ̀kan tí èkejì ló wà lọ́jà, ẹ má rà á láìpe dókítà. Kí ẹ sì gbé bẹ́ẹ̀dì sókè níbi orí ní ìwọ̀n 30 dígírì, kí ọrùn wà ní títọ́, kí wọ́n tú ohunkóhun tó fún un lọ́rùn. Ìyẹn kò gba kọ́bọ̀.

Ọkùnrin ọ̀kadà yẹn padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìwé tuntun. Síkáànù ti jáde: ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ agbárí àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ti ṣí i, wọ́n ti kó o jáde. Kò sí mannitol lórí ìwé náà mọ́. Oògùn gìrì ni wọ́n kọ, pẹ̀lú paracetamol. Ó gbé ìgò kejì tí wọn kò ṣí lé orí káńtà, ó ní ṣé mo lè gbà á padà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Oògùn tó bá ti kúrò níbí kì í padà sórí pẹpẹ." Ó ní kò burú, òun á fún nọ́ọ̀sì, bóyá á bá ẹlòmíì tí wọ́n á gbé wá lálẹ́. Mo ní kó sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá wóró wà nínú rẹ̀.